Ọwọ́ ta ni òwò yín wà? Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí lẹ́yìn ìpàdé

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Utako, láti ọdún 2004 ni mo sì ti wà ní Àbújá. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ àwa oníṣòwò tó wá láti ìlú wa. Nítorí pé owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ mi, àwọn èèyàn gbà pé mo mọ ohun tó ń ṣe owó tiwọn náà. Bí a bá ti ṣe àdúrà ìparí tán báyìí, ẹnì kan á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú méjì péré." Ìṣẹ́jú méjì yẹn kì í tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo kó àwọn tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Èyí tó bá dùn mí dé egungun ni mo sọ púpọ̀ lé lórí.

Ìyàwó mi ń ṣe búrẹ́dì ní Kubwa. Kí ló kàn wá nínú ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine?

Búrẹ́dì gan-an ló kàn. Àlìkámà ni wọ́n ń lọ̀ di fuláwà. Wọ́n ń gbìn ín ní Kánò, Jigawa àti Kebbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ọkọ̀ òkun ń gbé wá. Rọ́ṣíà àti Ukraine wà lára àwọn tó ń tà á jù lọ láyé. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2022, owó àlìkámà fò sókè kí oṣù tó parí. Dísẹ́ẹ̀lì náà ò gbẹ́yìn: nǹkan bí ₦300 ni líta kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, kó tó di oṣù Kẹjọ ó ti lé ní ₦700.

Ẹ ò lè dá ogun dúró láti Kubwa. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni irú àdéhùn tí ẹ bá oníbàárà ṣe. Ẹni tó bá ilé ìwé kan dúnàádúrà iye kan ṣoṣo fún tààmù gbáko lọ́dún yẹn, ààrẹ Rọ́ṣíà ló ń bá ta tẹ́tẹ́, kò sì mọ̀. Ẹ sọ fún ìyàwó yín kó máa dá iye lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé bí fuláwà bá gbówó lórí, àwọn méjèèjì á tún jókòó. Àwọn ilé ìwé kan á kọ̀. Kó jẹ́ kí wọ́n kọ̀.

Àwọn ṣójà gbàjọba ní Niamey, olú-ìlú Niger. Báwo ló ṣe wá di wàhálà alálùbọ́sà ní ọjà Garki?

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ààlà àwa àti Niger gùn tó nǹkan bí 1,600 kìlómítà, láti Kebbi títí dé Borno. Àwọn tó ń gbé lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ ń sọ Hausa kan náà, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n sì ń ná ọjà ara wọn. Màlúù, àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti dàbínù ń bọ̀ láti ọ̀hún. Àgbàdo, ike àti àwọn ọjà ilé iṣẹ́ ń lọ láti ọ̀dọ̀ wa.

Ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023 ni àwọn ológun gba ìjọba. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, àwọn olórí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ṣèpàdé ní Àbújá níbí, wọ́n ti bóòdà, wọ́n sì dá káràkátà dúró. Nàìjíríà tún gé iná mànàmáná tó ń tà fún wọn. Ibi tí wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé yẹn kò jìnnà sí ibi tí alálùbọ́sà pàtẹ sí, tó ń lé eṣinṣin. Oṣù Kejì ọdún 2024 ni ECOWAS mú ọwọ́ kúrò, oṣù Kẹta ni Nàìjíríà ṣí bóòdà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Niger, Mali àti Burkina Faso ti ní àwọn ò ṣe mọ́, nígbà tó sì di ọjọ́ 29 oṣù Kíní ọdún 2025, wọ́n jáde kúrò nínú ECOWAS pátápátá. ECOWAS ní kí wọ́n ṣì máa gba ìwé ìrìnnà wọn àti ọjà wọn wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá tún sọ̀rọ̀. Ẹ fi àmì sí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Ẹni tó bá ń kó owó ọjà oṣù mẹ́fà sílẹ̀ fún oníbàárà ní Maradi ní Niger lórí "títí di ìgbà tí wọ́n bá tún sọ̀rọ̀", àyà rẹ̀ le ju tèmi lọ.

Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba wa kọ́kọ́ ti gbogbo bóòdà orí ilẹ̀ nítorí ìrẹsì fàyàwọ́, oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí mẹ́rin: Sẹ̀mẹ̀, Ìlléla, Maigatari àti Mfum. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọdún márùn-ún. Ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún márùn-ún, kì í ṣe àjálù mọ́. Ó ti wọ inú ìṣirò owó ọjà, bíi owó tírélà.

Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ni ọ̀rọ̀ yìí yé jù. Kò fi Niger sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó ń bá rajà ní Aliero ní Kebbi àti ẹlòmíì ní Sokoto, ó sì ń ra díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ wọn kódà nígbà tí ti Niger bá pọ́ọ́kú jù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó ń fi èrè ṣòfò. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2023, òun nìkan ló ní ẹni tó máa gbé fóònù rẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a kò rìn nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igbó ti máa bò ó kó tó di pé a nílò rẹ̀.

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ tuntun ni? Àwọn bàbá wa ṣòwò káàkiri láìsí gbogbo àròjinlẹ̀ yìí.

Wọ́n ṣe é, ojú wọn sì rí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà èyíkéyìí ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Èjìgbò. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kàn jẹ́ Yorùbá tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà àwọn bàbá wọn, tí wọ́n bí ọmọ sí Kumasi àti Tamale, tí wọ́n ń sọ èdè wọn bí ọmọ onílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára wọn. Aṣọ ló ń tà. Ó ní ilé, ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ìwé gbèsè tó nípọn bíi Bíbélì. Ìwé gbèsè yẹn ni mo bá nínú àpótí rẹ̀ nígbà tó kú: orúkọ oníbàárà, iye owó, ọjọ́ tí wọ́n máa san án. Kò sí ẹni tó san kọ́bọ̀. Òwò ò dà lé e lórí, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Accra, tí ẹnikẹ́ni ò fi bi í léèrè, ló gba ogún ọdún lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 1983, àwa náà lé àwọn ará Gánà, wọ́n di ẹrù sínú àpò kan tí à ń pè ní Ghana-Must-Go títí dòní. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé kí ẹ mọ ọwọ́ tí òwò yín wà, ìwé gbèsè yẹn ni mò ń rí lójú mi.

Ṣùgbọ́n àwa ò kúrò ní Nàìjíríà. Ṣé ọ̀rọ̀ bóòdà kàn wá?

Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2021. Ìjà ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, wọ́n pa èèyàn, wọ́n jó ṣọ́ọ̀bù. Kó tó di ìparí oṣù, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya ní àwọn ò gbé nǹkan lọ sí Gúúsù mọ́. Wọ́n dá tírélà dúró ní Jẹ́bà. Tòmátì jẹrà lọ́nà, àlùbọ́sà sì di wúrà ní Èkó. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ló gbà kí wọ́n tó gbà láti ṣí ọ̀nà. Afárá Jẹ́bà náà di bóòdà láàárín orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Àwọn tó pàdánù jù kò sí níbi ìjà rárá.

Ṣé kí n máa fi dọ́là pamọ́?

Bí ẹ bá ń ra ọjà láti Ṣáínà tàbí Dubai, bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ̀n tí ẹ máa fi rajà tó kàn. Bí àmàlà lẹ ń tà ní Garki, èlùbọ́ ni kí ẹ fi pamọ́.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi mí ni iye tí ẹ ó máa tajà. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2023, báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kó wá iye ara rẹ̀. Dọ́là tí ìjọba ń tà ní nǹkan bí ₦470 kọjá ₦1,500 kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé. Bébà tó ń dán tí a fi ń tẹ kàlẹ́ńdà, òkè òkun ló ti ń wá. Mo ní bébà nílé ìkẹ́rùsí nígbà náà, mo tà á ní iye tí mo rà á pẹ̀lú èrè, inú mi dùn, mo tiẹ̀ ra bàtà. Ìgbà tí mo padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á fún wa, owó tó wà lọ́wọ́ mi kò ra ìdajì ohun tí mo tà. Èrè tí mo rò pé mo jẹ, olú-owó mi ni mo jẹ.

Láti ìgbà náà, iye tí n ó fi rà á padà ni mo fi ń ṣírò, iye tí mo rà á ti di ìtàn. Ìwé iye tí mo bá fún oníbàárà, ọjọ́ méje ni ẹ̀mí rẹ̀. Ní ti owó yíyá, èlé tí báńkì àpapọ̀ fi ń darí ọjà kúrò ní 18.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ó dé 27.5 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, tí àwọn báńkì wa sì tún gbé tiwọn lé e. Ẹni tó bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra ọjà tó máa jókòó fún oṣù mẹ́rin, báńkì ló ń ṣe ọmọ iṣẹ́ fún.

Àwọn NGO, àjọ aláàánú tí kì í ṣe ti ìjọba, ni oníbàárà mi. Wọ́n ti dákẹ́. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ẹ ò ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Láàárín ọdún 2016 sí 2024, bí mo bá rí náírà mẹ́wàá, méje nínú rẹ̀ ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn NGO mẹ́ta. Ìwé ìléwọ́ nípa ibà, ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́, báńnà, àpò, fìlà. Wọ́n máa ń sanwó dáadáa, wọn kì í pariwo. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n wá oníbàárà míì, mo máa ń dáhùn pé mẹ́ta ni mo ní, bí ọ̀kan bá lọ, méjì á kù.

Lọ́jọ́ 20 oṣù Kíní ọdún 2025 tí Donald Trump tún gorí àlééfà, ó tọwọ́ bọ̀wé pé kí owó ìrànwọ́ tí Amẹ́ríkà ń ná sí òkè òkun dúró fún 90 ọjọ́ ná. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn NGO mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ lẹ́tà kan náà sí mi, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu: ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé orúkọ mẹ́ta ni mo ní, oníbàárà kan ni. USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ló wà nídìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje ọdún yẹn, USAID fúnra rẹ̀ ti kógbá wọlé.

Kì í ṣe èmi nìkan. Ẹ wo gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ní Jabi àti Wuse 2 tí ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kì í tán níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ wo àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ àárín ìpàdé, àwọn awakọ̀, àwọn onílé tó ń gba owó ilé ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlú tó dá lórí owó ìjọba àti owó àlejò ni Àbújá. Bí àlejò bá di ẹrù, ìró rẹ̀ á dé Nyanya.

Mo ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì máa lọ sílé. Mi ò tíì gbàgbé ojú wọn. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé ara ike fún àwọn tó ń ṣe zobo, yájì, ọṣẹ dúdú àti ata gígún, iṣẹ́ tí mo ti máa ń kọ̀ tẹ́lẹ̀ pé owó rẹ̀ kéré. Ó kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń wá, kò sì sí ààrẹ tó lè tọwọ́ bọ̀wé láti dá ọṣẹ dúdú dúró.

Nítorí náà, ẹ má ka oníbàárà. Ẹ tọ owó wọn dé orísun. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń fún wọn lówó, títí ẹ ó fi dé ibi tí kò sí ìbéèrè mọ́.

Kọ́ńtíráàtì ìjọba ńkọ́?

Ẹ gbà á bí ẹ bá lè gbé oṣù mẹ́jọ láìjẹ nínú owó rẹ̀. Ẹ má fi owó ilé ìwé ọmọ ṣe é. Ẹ má sì yá owó báńkì nítorí pé ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ní "ó ti jáde".

Mò ń ra èso òrí ní agbègbè Mínná. Ìjọba wá fòfin dè é. Ṣé kí n jáwọ́?

Èso tútù tí wọn ò tíì fún ni wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kó jáde, oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni igbákejì ààrẹ Kashim Shettima kéde rẹ̀, oṣù mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Wọn ò fòfin de òrí fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Burkina Faso àti Mali ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wa, àwọn tó ń rà á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí ya wá sọ́dọ̀ wa, wọ́n ń kó o lọ ní àpò-àpò.

Èrò ìjọba dára: kí owó fífún àti sísẹ́ dúró síbí. Ṣùgbọ́n èmi máa ń wo ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Obìnrin tó jí ní aago mẹ́rin lọ ṣà á nínú igbó kò ní ẹ̀rọ, kò ní ibi ìkẹ́rùsí, kò sì lè dúró. Bí ẹni tó ń rà á lọ sókè òkun bá dáwọ́ dúró lónìí, iye tí wọ́n ń dá lé tirẹ̀ máa já lọ́la, ilé iṣẹ́ tó máa rà á sì lè má tíì dé. Ẹ̀yin tó wà láàárín, tí ẹ ní owó díẹ̀, ibẹ̀ ni àyè yín wà. Ẹ kó obìnrin mẹ́wàá jọ, ẹ ra ẹ̀rọ ìlọ̀ kan, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá a kó má baà bu. Òrí tó mọ́, tí kò rùn, kò sí òfin tó ń dè é. Ẹ má sì fi ìyà òfin náà lé obìnrin yẹn lórí, nítorí ọdún tó ń bọ̀, òun náà lẹ ó tún lọ bá.

Ẹ máa ń sọ pé ká wo àpò oníbàárà ká tó wo ọjà. Kí lẹ ní lọ́kàn?

Ẹ wọ ọkọ̀ ní Asokoro ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ dojú kọ Nyanya, ẹ máa lọ títí dé Mararaba ní ìpínlẹ̀ Nasarawa. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ilé tí ajá ibẹ̀ ní dókítà. Ní ìparí rẹ̀, yàrá kan tí èèyàn méje ń sùn. Ẹni tó ń fọ ilé àkọ́kọ́ ló ń sùn sínú èkejì. Oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè, NBS, sọ pé mílíọ̀nù 133 nínú wa ló wà nínú òṣì tó kọjá ọ̀rọ̀ owó nìkan, ìyẹn èèyàn 63 nínú ọgọ́rùn-ún. Mílíọ̀nù 86 lára wọn wà ní Òkè Ọya. Ní Sokoto, èèyàn 91 nínú ọgọ́rùn-ún ni; ní Oǹdó, 27.

Ọmọ Oǹdó tó bá gbé ọgbọ́n ìṣòwò Àkúrẹ́ wá sí Sokoto láìtún un ṣe ti ṣubú kó tó ṣí ìlẹ̀kùn. Kì í ṣe pé wọn kì í rajà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń rà á ló yàtọ̀. Owó ojoojúmọ́ ni wọ́n fi ń rà á, nítorí náà kékeré ni wọ́n ń rà: ìdajì múdù ìrẹsì, òróró inú ọ̀rá, ọṣẹ tí wọ́n gé. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé ẹni tó ń ra òróró nínú ọ̀rá ń san ju ẹni tó ra kẹ́ẹ̀gì lọ tí a bá ṣírò rẹ̀ dáadáa. Òtòṣì ń san owó orí òṣì. Oníṣòwò tó bá rí èyí lè ṣe ọ̀kan nínú méjì: kó máa jẹ nínú rẹ̀, tàbí kó dá àjọ sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀, kí wọ́n máa dá owó lójoojúmọ́ kí wọ́n lè ra kẹ́ẹ̀gì lópin oṣù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Karu ń ṣe èkejì. Èrè rẹ̀ lórí ẹyọ kan kéré, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fa oníbàárà rẹ̀ lọ.

Àìdọ́gba yìí tún wà nínú ṣọ́ọ̀bù tiwa. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ààrẹ Tinubu ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tí kò tó ₦200 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi tó ń bọ̀ láti Mararaba ń ná owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó oṣù rẹ̀ lórí ọkọ̀. Mo kọ́kọ́ bínú pé ó ń pẹ́ dé. Ó pẹ́ kí n tó ṣírò rẹ̀. A wá yí i padà: ọjọ́ mẹ́rin ní wákàtí tó gùn, dípò ọjọ́ mẹ́fà. Iṣẹ́ kò dínkù. Ìyàtọ̀ ti wọ iná náà: lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́, dé ₦225 lórí yúníìtì kan, ó ju ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo wà níbẹ̀, mo sì ń san án pẹ̀lú ìbínú. Ẹlẹgbẹ́ mi tí kò sí níbẹ̀ ń fi jẹnẹrétọ̀ tẹ ìwé kan náà, kò sì lè tà á ní iye kan náà.

Nígbà náà, Maitama àwọn olówó tàbí Mararaba?

Ẹni tó jẹ mí ní gbèsè pẹ́ jù lọ ní ọkọ̀ mẹ́rin. Ìyá tó ń tẹ káàdì ìsọmọlórúkọ ní Nyanya máa ń san tirẹ̀ kí yíǹkì tó gbẹ. Bí ẹ bá ní owó tó lè dúró, ẹ lọ sí Maitama, èrè pọ̀ níbẹ̀. Bí owó yín kò bá lè dúró, ẹ̀yin náà ẹ má dúró níbẹ̀.

Bí mo bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo nǹkan á dúró. Ṣé àwọn ọmọ iṣẹ́ ni kò dáa?

Ẹ̀yin ni.

Ẹ má bínú. Èmi náà ni. Oṣù Kẹwàá ọdún 2022, báńkì àpapọ̀ kéde pé wọ́n máa yí owó padà. Oṣù Kejìlá, ọmọbìnrin tó kéré jù nínú ṣọ́ọ̀bù mi sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀rọ P.O.S. méjì láti báńkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, owó máa wọ́n." Mo ní kó gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí oṣù Kejì ọdún 2023 dé, tí àwọn èèyàn ń lu ara wọn nídìí ẹ̀rọ ATM, tí tránsífà ò wọlé, oníbàárà dúró níwájú mi pẹ̀lú owó nínú báńkì, mi ò sì ní ọ̀nà tí mo lè gbà á. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ lọ lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti lọ. Kì í ṣe báńkì nìkan ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn. Ẹnu tí mo fi pa ọmọ yẹn lẹ́nu mọ́ gba tirẹ̀.

A máa ń gbé àṣà ilé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọdé kì í já àgbà nírọ́, ìyàwó ilé kì í sọ pé ìyá ọkọ ṣìrò. Ó dára nílé. Ní ibi òwò, àwọn tó kéré jù ló máa ń rí nǹkan kọ́kọ́, nítorí àwọn ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Mo wá gbé òfin kan kalẹ̀: láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹni tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń gbẹ̀yìn. Oṣù àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń wo bàtà wọn. Ìgbà tí ẹnì kan sọ pé mo ń ra yíǹkì wọ́n jù, tí mo dúpẹ́ tí mo sì yí ibi tí mo ti ń rà á padà, ẹnu wọ́n ṣí.

Ìyókù: ẹ jẹ́ kí ọjọ́ owó oṣù jẹ́ ọjọ́ kan pàtó. Àbúrò tí ẹ mú wá láti ilé, ẹ kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bíi ti àjèjì, kí ìyá yín má baà di adájọ́. Láti ọdún 2020, òfin ilé iṣẹ́ gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá kọ́ńpánì sílẹ̀. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin nìkan bá ni orúkọ yín wà nílé ìforúkọsílẹ̀, tí ẹ̀yin nìkan sì ń fọwọ́ sí sọ̀wédowó, àìsàn ọ̀sẹ̀ kan ti tó láti ti ilẹ̀kùn.

Ṣé kí n gba ọmọ Hausa tàbí Gbagyi síṣẹ́? Àwọn ará ilé ní kí n mú tiwa nìkan.

Àwọn Gbagyi wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ tí ìjọba fi òfin ọdún 1976 sọ di olú-ìlú. Ẹni tó bá wà lórí ilẹ̀ ẹni tí kò sì ní ọmọ onílẹ̀ kan ṣoṣo tó mọ orúkọ rẹ̀, àlejò ló máa jẹ́ títí. Ọmọ Hausa tó wà lọ́dọ̀ mi ló ń bá àwọn ará ọjà Dawanau sọ̀rọ̀ nígbà tí mo bá fẹ́ mọ iye ọjà ní Kánò. Lọ́dún 2021 tí wọ́n dá tírélà dúró, òun ló sọ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú pé ó ń bọ̀. Ẹ gba ẹni tó mọ iṣẹ́. Ẹ kàn má jẹ́ kí gbogbo wọn jẹ́ ará ilé kan, kódà kó jẹ́ ilé tiyín.

Ṣé kí n ṣí ẹ̀ka sí Kaduna?

Rélùwéè padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, lẹ́yìn tí wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin náà lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún yẹn. Ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹni tó ń gbé Kaduna síbẹ̀. Òwò tó bá nílò kí ẹ rin ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ̀mí yín wà nínú iye rẹ̀, ẹ ò sì fi í sínú ìṣirò.

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú gbogbo èyí, ṣé ẹ ò ní padà sílé?

Wọ́n máa ń bi mí ní ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ojú wọn kì í rẹ́rìn-ín. Mi ò padà. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé ẹ̀rọ kékeré kan lọ sí Ìlọrin, mo fi í sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì tí mo ní kí wọ́n máa lọ nígbà ọ̀rọ̀ NGO yẹn. Ìwé ìpè ìgbéyàwó ló ń tẹ̀ jù. Ó máa ń fi iye ọjà ọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, lálẹ́ Sátidé tó lọ, ó fi kún un pé yíǹkì wọ́n ní Ìlọrin ju Àbújá lọ, kí n bá òun rà á ránṣẹ́.